Háídrójìn, Abíómi

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì mẹ́rin kan wo ilé dáadáa ní Párís lọ́dún 1787: Guyton de Morveau, Lavoisier, Berthollet àti Fourcroy. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún náà tún àwọn ohun tó para pọ̀ di ayé sọ lórúkọ, torí pé ọ̀pọ̀ nínú orúkọ tó wà nílẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó ń jẹ́ ẹ. Gáàsì kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní afẹ́fẹ́ tó ń gbiná. Henry Cavendish, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti yẹ gáàsì yìí wò fínnífínní, ó sì ti kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1766. Ó da ásíìdì sórí irin, ó gba afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde lára rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó rí i pé kò wúwo rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ó ṣáná sí i, ó sì gbà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà náà bá ìṣe rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n kò sọ ìdílé tó ti wá.

Ìrì ló sọ ìdílé rẹ̀. Nígbà tí Cavendish sun gáàsì yìí pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ nínú ìgò, ìrì sẹ̀ sí ara ìgò náà láti inú. Ó kó ìrì ọ̀hún jọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò, omi gidi ni. Lavoisier gbọ́ nípa rẹ̀. Òun àti Laplace ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣe ní Párís lóṣù kẹfà ọdún 1783, níṣojú àwọn ẹlẹ́rìí, omi náà ni wọ́n rí. Ẹ wo bí èyí ti rí létí àwọn èèyàn ìgbà yẹn. Láti ayé àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ti ka omi mọ́ ohun tí kò ní òbí, ohun tí kò sí ẹni tó lè tú u wo inú rẹ̀. Wàyí o, iná kan jó tán, omi ló fi sílẹ̀ dípò eérú.

Bí gáàsì náà ṣe di hydrogène nìyẹn lẹ́nu àwọn ará Faransé. Èdè Gíríìkì ni wọ́n yá orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Hydor, tó ṣáájú, omi ni. Gen, tó kẹ́yìn, bíbí ni: gbòǹgbò yẹn kan náà ló so Gẹ́nẹ́sísì, orúkọ ìwé tó ṣí Bíbélì. Ẹni tó bí omi, ohun tí wọ́n ní kó máa jẹ́ nìyẹn. Àwọn ará Rọ́ṣíà túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tiwọn, bíbí omi náà ló ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Jámánì pè é ní ohun èlò omi. Àwọn ará Ṣáínà wo ibòmíràn, wọ́n fi bó ṣe fúyẹ́ tó sọ ọ́ lórúkọ. Àwa gba ti Òyìnbó bó ṣe wà, a sọ ọ́ di háídrójìn, ọ̀pọ̀ wa sì ń pè é láìmọ̀ pé omi wà nínú orúkọ náà.

Ìwé kan náà ló sọ ọ́síjìn lórúkọ, ìyẹn ẹni tó bí ásíìdì. Ti ọ́síjìn kò rí bẹ́ẹ̀. Lavoisier gbà pé kò sí ásíìdì tí kò ní ọ́síjìn nínú, àmọ́ lọ́dún 1810 onímọ̀ kẹ́mísírì Humphry Davy fi hàn pé ásíìdì tí wọ́n ń fi iyọ̀ ṣe kò ní in rárá. Háídrójìn àti chlorine nìkan ló wà níbẹ̀. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára kí wọ́n tó mọ̀. Nínú àwọn ọmọ méjèèjì tí a kó jáde lọ́jọ́ kan náà, háídrójìn ni orúkọ rẹ̀ ṣì ń sọ òtítọ́.

Bí a bá ní ká sọ ọ́ lórúkọ Yorùbá ńkọ́? Àwọn orúkọ wa tó ní bíbí nínú ní ọ̀nà tiwọn. Abíọ́nà ni ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà. Abíọ́dún ni èyí tí a bí lásìkò ọdún. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ Abíọ́nà kó rò pé ọmọ náà ló bí ọ̀nà. Tí a bá gba ọ̀nà yìí kan náà, tí a pe gáàsì yìí ní Abíómi, orúkọ tí àwọn ará Faransé fún un yóò dojú kọ ibòmíràn: dípò ẹni tó bí omi, yóò di ẹni tí a bí sínú omi. Òtítọ́ sì ni méjèèjì. Sun háídrójìn, omi ni yóò dà. Tú omi, háídrójìn ni yóò jáde. Ọmọ ni, bàbá ni. Kò yẹ kí irú ìbátan bẹ́ẹ̀ rú wa lójú, àwa tí a máa ń gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lọ́wọ́, tí a ń pè é ní Babátúndé, tí bàbá tó bí i sì dúró níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín.

Ohun kan tún wà lára Abíọ́nà tí orúkọ Gíríìkì yẹn kò ní. Abíọ́nà ń rántí ibi tí a ti bí i. Ó lè dàgbà, kó lọ fi Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù ṣe ilé, ọ̀nà yẹn yóò ṣì wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá pè é. Orí èyí ni mo máa padà sí.

Láti bí háídrójìn látinú omi, a ní láti tú omi. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Faraday, ń wá ọ̀rọ̀ lọ́dún 1834 fún fífi iná mànàmáná ṣe é, electrolysis ló pè é, lysis inú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún títú ohun tí a so. Tú gan-an ni. A ń tú okùn, a ń tú irun dídì, a ń tú ẹrù. Ọjà ń tú, ìpàdé ń tú. Àwọn míì máa ń sọ pé a fọ́ omi tàbí pé a là á sí méjì, ṣùgbọ́n tú ló dáa jù lójú mi. Ohun tó fọ́ ti bàjẹ́. Ohun tí a tú ṣeé dì padà, omi tí a tú sì máa ń di omi padà ní ọjọ́ tí iná bá kan háídrójìn rẹ̀.

Lavoisier àti Meusnier ló kọ́kọ́ fi irin tú u, láàárín ọdún 1784 sí 1785. Wọ́n mú ọ̀pá ìbọn, wọ́n fi iná yan án títí ó fi pọ́n yòò, wọ́n rọ omi gba inú rẹ̀. Irin gbígbóná já ọ́síjìn gbà mọ́ omi lọ́wọ́, háídrójìn jáde lódìkejì. Bàlúùnù ló ń dà wọ́n láàmú: ní ìparí ọdún 1783, Jacques Charles ti fi háídrójìn fò lókè Párís, àwọn aláṣẹ sì ń wá ọ̀nà láti rí gáàsì náà ní ọ̀pọ̀ yanturu. Lọ́dún 1800, William Nicholson àti Anthony Carlisle gbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù pé Volta ti ṣe bátìrì. Wọ́n ṣe tiwọn, wọ́n ki wáyà rẹ̀ méjì bọ omi, gáàsì sì ń hó lára wọn.

Okùn tó so omi le. Nínú kílò omi mẹ́sàn-án, háídrójìn kílò kan ló wà níbẹ̀. Ọ́síjìn ni mẹ́jọ yòókù. Títú kílò kan yẹn sílẹ̀ kò lè gbà kó dín ní bíi yúníìtì agbára 39, irú yúníìtì tí à ń rà sínú mítà iná, àwọn ẹ̀rọ tó wà lóde báyìí sì ń jẹ tó 50 sí 55. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ háídrójìn tí ayé ń lò lónìí kì í ti inú omi wá. Gáàsì abẹ́ ilẹ̀ àti èédú ni wọ́n ń fà á yọ lára wọn, èéfín kábọ́ọ̀nù sì ń lọ sójú ọ̀run. Èyí kì í ṣe Abíómi.

Agbára tó tó láti tú omi láìséèéfín ń ràn lé wa lórí lójoojúmọ́. Oòrùn fúnra rẹ̀, háídrójìn ni bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwúwo rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, bíi 600 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù háídrójìn ló ń para pọ̀ níbẹ̀ di hílíọ́mù, ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí sì ni èso rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá fi oòrùn tú omi, háídrójìn òkè ló ń tú ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn láti máa rò ó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1972 ni Akira Fujishima àti Kenichi Honda kéde ní Japan pé àwọ́n fi ìmọ́lẹ̀ nìkan tú omi. Titanium dioxide ni wọ́n tàn án sí, ohun funfun yẹn tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà kó lè funfun. Kò sí bátìrì tó ń tì í. Ìmọ́lẹ̀ ta á lórí, omi tú. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wá ohun tó lè gba ìmọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kazunari Domen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Japan kan náà, tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tú omi síta títí ó fi kún 100 mítà níbùú lóròó, wọ́n sì fi í sábẹ́ oòrùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tí wọ́n ròyìn lọ́dún 2021 ni pé ibi tó mókè jù tí ó dé ni 0.76 nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn tó bà lé e. Kò tó ìdá kan. Síbẹ̀ iṣẹ́ ńlá ni, torí ó kúrò ní tábìlì yàrá ìwádìí bọ́ sábẹ́ ojú ọ̀run.

Ṣùgbọ́n omi wo ni wọ́n ń tú? Omi mímọ́ ni, tó mọ́ ju èyí tí à ń mu lọ. Omi òkun ló pọ̀ láyé, lítà rẹ̀ kan sì ní bíi 35 gíráàmù iyọ̀ nínú. Fi wáyà méjì bọ̀ ọ́, chlorine inú iyọ̀ yóò sáré jáde ṣáájú ọ́síjìn, gáàsì olóró tó ń jẹ irin, ẹ̀rọ á bàjẹ́ láìpẹ́. Ibi tí oòrùn ti ń mú jù láyé sì sábà máa ń jẹ́ ibi tí omi mímọ́ ti wọ́n jù. Aṣálẹ̀ etí òkun ni àwọn tó fẹ́ dá iléeṣẹ́ háídrójìn sílẹ̀ ń wá kiri, torí oòrùn àti ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Omi wà lójú wọn lọ salalu. Iyọ̀ ni kò jẹ́ kó ṣeé lò.

Yorùbá lè yí ọ̀rọ̀ iyọ̀ lórí ahọ́n títí, ohùn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Iyọ̀ yọ́ sínú omi. A fẹ́ yọ iyọ̀ náà. Bó bá yọ, a óò yọ̀. Mi ò sọ pé gbòǹgbò kan ló so wọ́n. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ohun tó rọrùn láti yọ́ lè má rọrùn láti yọ.

Ọ̀nà tí oòrùn fi ń yọ ọ́ ti pẹ́ láyé, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sì sọ bó ṣe ń ṣe é ju ìwé lọ. Ooru ni. Nígbà tí òógùn bá bò wá, a ní ooru ń mú. Nígbà tí a bá ṣí ìkòkò, a ní ooru ń fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbígbóná àti ohun tí omi ń dà nígbà tó bá fẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu wa. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí. Lítà omi kan tó ti ń hó ṣì máa gba bíi yúníìtì agbára 0.63 kó tó lè di ooru tán, agbára yẹn kò sì sọnù: inú ooru náà ló wọ̀. Nígbà tí ooru bá kan ohun tútù tó sì di omi padà, gbogbo gbígbóná yẹn ló máa sọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ooru ìkòkò bá ti bó lọ́wọ́ rí kò ní bèèrè ẹ̀rí. Iyọ̀ ní tirẹ̀ kì í bá ooru lọ. Ó jókòó sísàlẹ̀.

Orí èyí ni Charles Wilson, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Sweden, gbé iṣẹ́ rẹ̀ kà ní Las Salinas, ní aṣálẹ̀ tó di àríwá Chile lónìí, lọ́dún 1872. Ibi tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ fún nitrate ni, omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ sì níyọ̀ gidigidi. Ó kan àpótí pẹlẹbẹ, ó fi gíláàsì bò wọ́n ní ìdagẹ̀rẹ̀, ó da omi iyọ̀ sínú wọn. Oòrùn ràn, ooru gòkè kan gíláàsì, ó di omi, ó ṣàn wálẹ̀ bọ́ sínú ọ̀pá. Ohun tó kàn náà ju 4,000 mítà níbùú lóròó lọ. Bíi 20,000 lítà ló ń mú wá lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, àwọn ìbaaka ibi ìwakùsà ń mu níbẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogójì ọdún.

Ohun kan ni Las Salinas ń fi ṣòfò: gbígbóná tí ooru ń sọ̀ sílẹ̀ lára gíláàsì, atẹ́gùn ló ń gbé e lọ. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Shanghai to ìpele mẹ́wàá tẹ̀ léra. Gbígbóná tí ooru ìpele kìíní bá sọ̀ sílẹ̀ ni yóò gbé ooru ti ìkejì dìde, ti ìkejì yóò gbé ti ìkẹta, títí dé ìkẹwàá. Lórí òrùlé ilé kan ní MIT, ó lé ní lítà márùn-ún omi ní wákàtí kan fún mítà kan níbùú lóròó. Àpótí onígíláàsì ti tẹ́lẹ̀, lítà díẹ̀ ló ń mú wá lórí irú mítà bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

Ẹ̀yin náà á ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹnì kan ń fi oòrùn yọ iyọ̀. Ẹlòmíràn ń fi oòrùn tú omi. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ méjèèjì sábẹ́ oòrùn kan náà.

Lọ́dún 2023, àwọn tó ń bá Erwin Reisner ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ohun kékeré kan jáde tó ń léfòó lójú omi. Ohun dúdú bí àwọ̀n tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù hun ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ṣe é kí omi má lè rin ín. Ohun funfun kan tẹ́ sókè orí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó mú jù nínú rẹ̀, tí ojú wa kò lè rí, ni ohun funfun yẹn ń gbà láti fi tú omi. Ó jẹ́ kí ìyókù kọjá sí ìsàlẹ̀, àwọ̀n dúdú gbà á, ó gbóná, ó sì gbé ooru dìde lára omi tó wà lábẹ́. Ooru yẹn, tó ti fi iyọ̀ àti ẹ̀gbin sílẹ̀ sísàlẹ̀, ni ohun funfun ń tú. Ooru tó ṣẹ́ kù ń di omi mímọ́. Wọ́n dán an wò nínú omi òkun, wọ́n sì dán an wò nínú omi odò Cam tó ń ṣàn kọjá láàárín ìlú wọn, láìsẹ́ ẹ rárá. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé oríṣi ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló níṣẹ́ tirẹ̀: èyí tí kò lè tú omi lè sọ omi di ooru.

Ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e lọ́dún 2025, lábẹ́ Lenan Zhang, tó wà lára àwọn tó ṣe onípele mẹ́wàá ti MIT. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Pánẹ́ẹ̀lì sólà lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, irú èyí tó wà lórí òrùlé wa. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́sàn-án mọ̀ pé ó máa ń gbóná gan-an, torí díẹ̀ ló ń sọ di iná nínú oòrùn tó ń gbà. Gbígbóná ni ìyókù. Wọ́n mú gbígbóná tí gbogbo ayé ń dà nù yẹn, wọ́n fi gbé ooru dìde lára omi òkun tó tẹ́ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì. Omi tí ooru náà dà ni wọ́n fi iná pánẹ́ẹ̀lì kan náà tú. Àpẹẹrẹ tí wọ́n ṣe kò ju sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá lọ, ó sì sọ 12.6 nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn di háídrójìn. Ẹ fi wé 0.76 ti Domen. Lójú tèmi, ti Cornell ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníléeṣẹ́, torí ohun tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló lò. Ti Cambridge ló bá ìlú tí kò ní wáyà àti ọ̀pá omi mu.

Mo fẹ́ padà sórí ibi tí a bí ọmọ sí. Orúkọ Gíríìkì ní háídrójìn ń bí omi. Níbo ló ń bí i sí? Ibi tí wọ́n bá ti lò ó ni. Àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú inú ọkọ̀ Apollo mọ̀ ọ́n dájú: ohun èlò tó ń para háídrójìn pọ̀ mọ́ ọ́síjìn láti fún wọn níná ló tún ń fún wọn lómi mímu. Nígbà tí táńkì ọ́síjìn Apollo 13 bú gbàmù lóṣù kẹrin ọdún 1970, iná lọ, omi náà sì lọ, wọ́n ń fi ìwọ̀n mu omi títí wọ́n fi délé. Ṣùgbọ́n bí a bá tú omi ní etí aṣálẹ̀ kan, tí a kó háídrójìn rẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ sí Yúróòpù, Yúróòpù ló máa bí omi sí, bóyá gẹ́gẹ́ bí ooru tó ń fẹ́ jáde lójú èéfín iléeṣẹ́ kan níbi tí òjò ti ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ìlú tó tú omi sílẹ̀ kò ní rí i mọ́. Orúkọ Gíríìkì kò ní ohunkóhun láti sọ sí èyí. Abíómi ní.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní NEOM, létí Òkun Pupa ní Saudi Arabia, wọ́n ń kọ́ iléeṣẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ kó máa ṣe 600 tọ́ọ̀nù háídrójìn lójúmọ́, kí wọ́n sọ ọ́ di amóníà, kí ọkọ̀ lè kó o lọ sílẹ̀ òkèèrè. Tí kílò kan bá gba kílò omi mẹ́sàn-án, 5,400 tọ́ọ̀nù omi nìyẹn lójúmọ́, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n máa fi mú ẹ̀rọ tutù. Omi òkun tí a ti yọ iyọ̀ rẹ̀ ni yóò jẹ́. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti omi gba inú asẹ́ tín-ínrín máa ń jẹ yúníìtì mẹ́ta sí mẹ́rin láti yọ iyọ̀ kúrò nínú 1,000 lítà. Yúníìtì 50 sì ni títú kílò háídrójìn kan ń gbà. Ẹ fi méjèèjì wéra: agbára tó ń tú kílò kan ṣoṣo tó láti yọ iyọ̀ kúrò nínú 12,000 lítà omi. Yíyọ iyọ̀ kéré sára títú bí ìka ọwọ́ ṣe kéré sára ènìyàn.

Nítorí náà, ká ní wọ́n yọ iyọ̀ kúrò nínú ìlọ́po mẹ́wàá omi tí wọ́n nílò, kí wọ́n tú ìdá kan, kí wọ́n fi mẹ́sàn-án fún àwọn ará ìlú: agbára tí gbogbo rẹ̀ máa gbà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí wọ́n fi ń tú omi. Fún iléeṣẹ́ tó tóbi tó ti NEOM, mẹ́sàn-án yẹn jẹ́ 48,600 tọ́ọ̀nù lójúmọ́. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo 50 lítà, ó tó fún ìlú tó ní 972,000 ènìyàn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ àti ọ̀pá omi ní owó tiwọn, mi ò kà wọ́n mọ́ ọn. Agbára ni mo ṣírò, torí agbára ni àwọn tó ń dá irú iléeṣẹ́ yìí sílẹ̀ máa ń sọ pé ó wọ́n. WHO àti UNICEF sọ pé lọ́dún 2022, ènìyàn bílíọ̀nù 2.2 ni kò ní omi mímu tó ṣeé fọkàn tán. Ẹni tó bá kọ́ iléeṣẹ́ háídrójìn sí àárín irú wọn, tó sì tú gbogbo omi tó yọ, kì í ṣe àìlágbára ló fà á.

Iyọ̀ tí a yọ náà gbọ́dọ̀ lọ síbì kan. Nínú ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá, lítà kan tó mọ́ máa ń fi lítà míì sílẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó ìlọ́po méjì. Omi bẹ́ẹ̀ wúwo. Bí wọ́n bá dà á sétí òkun níbi tí omi kò ti ń ṣàn gidigidi, ìsàlẹ̀ ló máa rì sí, ibi tí ọ̀pọ̀ ẹja ń yé sí. Ẹ̀tọ́ apẹja ni láti béèrè ibi tí ọ̀pá yẹn máa tú sí kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Lẹ́kkí àti Victoria Island, omi tó níyọ̀ ni bọ́ọ̀hóòlù míì ń fà sókè. Ní etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní Ayétòrò àti àwọn abúlé tó yí i ká, òkun ti ń gbé ilé lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Omi wà níwájú, omi wà lẹ́yìn, omi òjò àti píọ̀ wọ́tà ni wọ́n ń mu. Oòrùn kò wọ́n wọn. Ohun tó ń léfòó, tó ń fi oòrùn sọ omi òkun di omi mímu, tó sì tún ń fún wọn ní gáàsì tí kò ní èéfín láti fi dáná, bá irú ibẹ̀ mu ju bó ṣe bá odò Cam mu lọ. WHO ṣírò rẹ̀ pé èéfín iná tí à ń fi igi, èédú àti kẹrosíìnì dá nínú ilé pa bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn lọ́dún 2020. Ìyá tó ń yan ẹja lórí igi kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka iye yẹn sí i létí.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń ròyìn iṣẹ́ yìí, háídrójìn ló sábà máa ń ṣáájú, torí òun ni owó wà nínú rẹ̀, omi mímu á wá tẹ̀ lé e. Ní Ayétòrò, omi mímu ni mo fẹ́ kó ṣáájú. Tí iléeṣẹ́ kan bá sì gbé ìwé àdéhùn wá sí etíkun èyíkéyìí láti wá bí háídrójìn níbẹ̀, kí wọ́n kọ iye lítà omi mímu tí ìlú yóò máa gbà lójúmọ́ sójú ewé kìíní, ṣáájú iye tọ́ọ̀nù háídrójìn tí ọkọ̀ yóò máa kó lọ, kí wọ́n sì kọ ibi tí omi oníyọ̀ náà máa gbà padà sínú òkun sábẹ́ rẹ̀, kí baálẹ̀ àti àwọn apẹja tó fọwọ́ sí i.